Pọtifólíò (àkójọ iṣẹ́ tí o fi ń wá àyè sí ilé ìwé) fún oyè mástà nínú iṣẹ́ yíya ilé, nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò pọ̀

Iṣẹ́ mẹ́ta tó jinlẹ̀ ti tó. Bí méjì péré ló wà lọ́wọ́ rẹ, wọn ilé àtijọ́ kan, bí àpẹẹrẹ ní Badagry, kí o sì yà á kó di ẹ̀kẹta. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845, ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹbí rẹ lè dára jù ú lọ, torí bóyá ni ẹnikẹ́ni ti yà á rí.

Mú tépù, kí ẹnì kan bá ọ di orí rẹ̀ mú. Wọn ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá kọ̀ọ̀kan, kí o tún wọ̀n láti igun dé igun, ní ìhà méjèèjì. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: yàrá àtijọ́ kì í sábà gún régé, bí o bá fo èyí, ìlà rẹ kò ní pàdé lórí bébà. Yà á ní 1:50 (ìwọ̀n 1 lórí bébà dúró fún 50 nínú ilé gan-an). Ògiri mítà 5 á di sẹ̀ǹtímítà 10. Lẹ́yìn náà, ya ilé náà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ là á láti òrùlé dé ìpìlẹ̀, kó hàn bí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ṣe ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Fi àwòrán àkọ́yà rẹ sínú pọtifólíò náà, àní èyí tí o fagi lé, torí ó ń fi bí o ṣe ronú hàn. Iṣẹ́ tí ẹ jọ ṣe ńkọ́? Kọ ohun tí ìwọ gan-an ṣe. Wo iye ojú ewé tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí o tó fi PDF ránṣẹ́.