Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Yín Lórí Fọ́tò Òkúta Máàsì

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, àbúrò kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo egungun itan nínú iyanrìn Máàsì." Fọ́tò tí Curiosity, ọkọ̀ tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, rán lọ máa rìn lórí Máàsì, yà ní oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni. NASA sì ti ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún náà pé òkúta ni, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ afẹ́fẹ́ tàbí omi ló gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò bí mi nínú. Ohun tó bí mi nínú ni pé ó ti sanwó fún ẹnì kan kí wọ́n tó jẹ́ kó rí i.

Láti ìgbà tí Opportunity, ọkọ̀ NASA tó ṣáájú Curiosity, ṣì ń rìn ni mo ti ń wo àwọn fọ́tò yìí lálaalẹ́, mo sì ti rí owó púpọ̀ tó bọ́ sómi lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ti mọ ohun tó ń jẹ́ sol (ọjọ́ kan lórí Máàsì), ẹ sì mọ Mastcam (kámẹ́rà aláwọ̀ orí òpó ọkọ̀) yàtọ̀ sí Navcam (kámẹ́rà tí ọkọ̀ fi ń mọ̀nà). N ò ní í padà sí a, b, d.

1. Ẹ má ra fọ́tò. Ọ̀fẹ́ ni èyí tí Curiosity àti Perseverance, ọkọ̀ NASA mìíràn lórí Máàsì, bá fi ránṣẹ́, ó wà lórí ìkànnì NASA fún gbogbo ayé. Àwọn tí wọ́n ti tò dáadáa fún ìwádìí wà ní Planetary Data System, ibi tí NASA ń tọ́jú wọn sí, ọ̀fẹ́ náà ni. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ wá sanwó "fọ́tò tí wọ́n fi pamọ́" ń ta omi òjò fún yín.

2. Ẹ má fi fọ́tò wínníwínní tó máa ń kọ́kọ́ dé ṣèdájọ́. Ẹ dúró de èyí tó tóbi.

3. Ẹ yé sanwó fún áàpù tó ní òun lè mú fọ́tò tó ṣú mọ́ kedere.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Nínú Mastcam méjì tó wà lórí Curiosity, ti ọ̀tún ló ń ríran jìnnà. Bí òkúta bá wà ní mítà 2 sí i, píksẹ́lì kan (ọ̀kan nínú àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di fọ́tò) jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 0.15 lára òkúta náà. Bí òkúta bá wà ní kìlómítà 1, píksẹ́lì kan ti di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7.4. Ìyẹn ni pé ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ yín ti di àwọ̀ kan ṣoṣo. Òkúta wẹ́wẹ́, ihò, ìlà, gbogbo rẹ̀ ti pò pọ̀, kò sì sí áàpù tó lè tú wọn ká mọ́. Ohun tí áàpù náà ń ṣe ni pé ó máa lọ wo inú àìmọye fọ́tò ayé tí wọ́n fi kọ́ ọ, ojú èèyàn, ògiri, ilẹ̀kùn, á wá mú èyí tó bá jọ ọ́ dí àlàfo. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. JPEG, ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún fọ́tò pọ̀ kó má bàa wúwo, máa ń pín fọ́tò sí onígun mẹ́rin kéékèèké, píksẹ́lì 8 níbùú, 8 lóòró. Bí ẹ bá fẹ fọ́tò náà, etí wọn á yọ. Áàpù á rí wọn, á sọ wọ́n di bíríkì. Ọ̀pọ̀ "ògiri" tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá.

Mo sanwó irú áàpù bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án. Òkúta kan wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, ó jìnnà. Áàpù náà fi ìlà sí i lára, ọ̀kan lórí èkejì bí ojú ewé ìwé. Mo gbà pé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ló gbẹ tó di òkúta, torí irú rẹ̀ wà nínú kòtò Gale, níbi tí Curiosity ti ń rìn, lóòótọ́. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa, mo ya àwòrán, mo fi ohùn mi sí i. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ náà sún mọ́ ọn. Ara òkúta náà ń jọ̀lọ̀. Kò sí ìlà kankan. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, torí ọmọ iléèwé méjì ti kọ ọ̀rọ̀ mi sínú iṣẹ́ wọn. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ fọ́tò, mo máa ń jẹ́ kí píksẹ́lì rẹ̀ hàn bó ṣe wà. Ibi tó bá ti di jágijàgi, ibẹ̀ ni ohun tí mo mọ̀ parí sí. Mo máa ń dúró de sol mìíràn.

4. Ẹ má sọ ohun tí nǹkan jẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ bó ṣe tóbi tó. "Ilẹ̀kùn" tí Curiosity yà ní ọjọ́ 7, oṣù karùn-ún, ọdún 2022, gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, fífẹ̀ rẹ̀ 40. Àgbà ewúrẹ́ ò lè dúró níbẹ̀. Àpáta tó sán ni, ibi tí ìlà sísán ti pàdé ara wọn ló já bọ́. Àwọn tó kọ́ Curiosity pàápàá kò fọkàn tán ojú lásán: wọ́n lẹ owó ẹyọ Amẹ́ríkà ti ọdún 1909 mọ́ ara ọkọ̀ náà, kí nǹkan tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ lè wà nínú fọ́tò.

Àti sol tó ṣáájú! Ẹ kì í wò ó rárá. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, òkúta kan tó funfun létí, tó pupa láàárín, fara hàn níwájú Opportunity ní sol 3540. Ní sol 3528, kò sí níbẹ̀. Ariwo sọ. Táyà ọkọ̀ náà ló tẹ òkúta kan fọ́, tí èérún rẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, sì ta síbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà sún kúrò, wọ́n rí òkúta tó ti já.

Ojú òsì àti ojú ọ̀tún ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ tó dà bí fìtílà nínú fọ́tò Curiosity ti oṣù kẹrin ọdún 2014, ojú ọ̀tún Navcam nìkan ló rí i. Ojú òsì ya ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí i, kò rí nǹkan kan. Fọ́tò méjèèjì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀kan péré lẹ máa ń ṣí.

Ẹ ka àlàyé abẹ́ fọ́tò kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀. Wọ́n máa ń tún àwọ̀ ṣe kí òkúta lè rí bí ìgbà tó wà lábẹ́ oòrùn ayé.

Okùn tó lọ́ pọ̀ tí Perseverance rí ní oṣù keje ọdún 2022, pàǹtí ìbalẹ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni.

Owó tún ń bọ́ síbòmíràn: òkúta Máàsì tí wọ́n ń tà. Òótọ́ ni pé ọ̀kan já bọ́ sí Nàìjíríà, ní Zagami, ní Katsina, ní ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 1962. Ó bọ́ sẹ́bàá àgbẹ̀ kan tó ń lé ẹyẹ nínú oko àgbàdo rẹ̀. Nǹkan bíi kìlógíráàmù 18 ni gbogbo rẹ̀ lódindi. Ẹni tó bá wá ń ta ẹ̀kúnwọ́ "Zagami" fún yín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ẹ bi í pé yàrá àyẹ̀wò wo ló jẹ́rìí sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ra tirẹ̀ láìbéèrè. Mágnẹ́ẹ̀tì mú un gbọin, ara rẹ̀ sì kún fún ihò bíi búrẹ́dì. Ìdàrọ́ ni, irú èyí tó ń wà nídìí ààrọ̀ alágbẹ̀dẹ.

Gbogbo àsìkò tí ẹ fi ń wá ojú èèyàn àti ilẹ̀kùn, àwọn òkúta tó yẹ kẹ́ ẹ wò wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 30, oṣù karùn-ún, ọdún 2024, ní Gediz Vallis, àfonífojì kan lórí Máàsì, Curiosity gun orí òkúta kan tó funfun, òkúta náà fọ́. Inú rẹ̀ ń dán, ó pọ́n bí ìyeyè: ògidì imí-ọjọ́, tí wọn ò rí irú rẹ̀ rí lórí Máàsì. Mo ti wo fọ́tò àfonífojì yẹn kí táyà tó tẹ̀ ẹ́. Ó wà láàárín àwọn tó funfun bíi tirẹ̀, mo sì wò ó kọjá.