Ìbọn mi ò gba ọta tí mo rà fún un

Orí ọta (apá tó ń fò jáde lẹ́nu ìbọn) 300 ni mo rà, ẹyọ kan ò wúlò fún mi níbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìbọn .22-250 (irú ọta tó ń gbà la fi ń pè é bẹ́ẹ̀, bíi ti .223 àti .243) ni mo ń lò fún àwọn ẹranko kéékèèké tó ń ba oko jẹ́, àwọn tí kì í jẹ́ kéèyàn sún mọ́ wọn ju yáàdì 250 sí 300 lọ. Mo kọ́kọ́ ro ti .223. Kì í jẹ ẹ̀tù, páìpù rẹ̀ sì máa ń pẹ́, àmọ́ bí afẹ́fẹ́ máìlì 10 ní wákàtí kan bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, nǹkan bí íńṣì 10 ni ọta gréènì 55 rẹ̀ (gréènì ni wọ́n fi ń wọn bí orí ọta ṣe wúwo tó) fi ń yà ní yáàdì 300. Ẹran ọ̀hún gan-an ò fẹ̀ tó yẹn! .243 náà dáa, ṣùgbọ́n ó ń ta èjìká débi pé o ò ní rí ibi tí ọta bà. Bí mo ṣe mú .22-250 nìyẹn, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀.

Wọ́n ní afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé orí ọta tó wúwo. Òótọ́ ni. Mo bá ra gréènì 75. Ẹni tó tà á mọ irú ìbọn tí mo ní, kò bi mí ní nǹkan kan.

Ní yáàdì 100 péré, ihò inú pépà mi gùn gbọọrọ bí ojú kọ́kọ́rọ́. Ọta ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú òfuurufú kó tó débẹ̀. Mo dá ẹ̀tù lẹ́bi, mo pààrọ̀ ẹ̀. Mo tú awò orí ìbọn, mo tún un dè. Sátidé mẹ́ta gbáko!

Ilà tó lọ́ yíká inú páìpù ló ń mú ọta pòòyì kó má baà ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Bí orí ọta bá ṣe gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilà yẹn gbọ́dọ̀ lọ́ kíákíá sí i. Ó wá di pé kí n wọn tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀mí mi fẹ́ bọ́. Ẹ yọ ọta, ẹ yọ bóòtì, irin tó ń dí ẹ̀yìn páìpù, ẹ mọ ìyẹn. Ẹ we àkísà tó há mọ́ ọ̀pá tẹ́ ẹ fi ń nu ìbọn, ẹ lẹ téèpù mọ́ ọ̀pá náà nítòsí ọwọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ rọra tì í wọlé. Tí téèpù bá yí po lẹ́ẹ̀kan, iye íńṣì tí ọ̀pá ti rìn lẹ̀ ń wá. Àkọ́kọ́, 19. Ìkejì, 23. Díẹ̀ ló kù kí n la ọ̀pá mọ́ ògiri. Àṣé ọwọ́ ọ̀pá mi kì í yí, àkísà kàn ń yọ̀ gba orí ilà kọjá ni. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí: 14, 14, 14. Íńṣì 14 ni ilà mi fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan; bí iye yẹn bá ṣe kéré sí i ni ilà ṣe ń lọ́ kíákíá sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ọ̀pọ̀ .22-250 àtijọ́. Gréènì 75 ń fẹ́ ilà tó ń yí po láàárín nǹkan bí íńṣì 8.

Mo padà sí gréènì 55. Ọta márùn-ún, yáàdì 300, àtẹ́lẹwọ́ mi bo gbogbo wọn! Afẹ́fẹ́ ṣì ń gbé e tó íńṣì 8, mo kàn ń fojú bù ú ni. Ẹ má ṣáà yìn ín léraléra, páìpù rẹ̀ tètè ń gbóná, ó sì tètè ń jẹ.

Páálí gréènì 75 ṣì wà lórí pẹpẹ. Ẹni tí ilà ìbọn .22-250 tàbí .223 rẹ̀ bá lọ́ ní íńṣì 8 kó wá kó o, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.