Bí mo ṣe wá bíréèkì tó bá Ìjàpá Bàbá mi mu

Lọ́jọ́ kan, mo ń fi Ìjàpá Bàbá mi, ìyẹn Volkswagen Beetle wọn, padà sẹ́yìn nínú ọgbà wa ní Ìbàdàn. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi kàn ń rì lọ bíi ti ẹni tó tẹ ẹrẹ̀. Ìdí igi ọsàn ni mọ́tò dúró sí. Bàbá tó jókòó sí fàráńdà ò tilẹ̀ dìde. "Ṣé mi ò ní kó o má wà á ni?" Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún 1971 ni wọ́n ra ọkọ̀ náà ní tuntun. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, torí apá òsì títì la ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà nígbà yẹn. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ìjọba ní kí gbogbo wa máa gba apá ọ̀tún. Àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá kan gbé sítíárìn tiwọn lọ sápá òsì, Bàbá ní àwọn ò ní yí mọ́tò lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, a máa padà sí i.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lọ sọ́jà, mo ní, "Ẹ fún mi ní bíréèkì ṣúù iwájú ti Ìjàpá, 1971." Ọdún tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni mo dì mú. Ẹni tó tà á fún mi ò bi mí ní nǹkan kan, èmi náà ò sì bi í. Ṣúù mẹ́rin, tuntun, nínú páálí. Mo délé, mo tò wọ́n sáyè wọn, mo gbé dróòmù, irin bí abọ́ tí ṣúù ń tẹ̀ nínú láti dá wíìlì dúró, bò wọ́n, ó kọ̀, kò wọlé. Mo fọwọ́ gbá a. Mo fi òòlù onírọ́bà gbá a. Àfi bí ẹni tó ń fi ọmọrí ìṣasùn bo ìkòkò àsè.

Mo ránṣẹ́ sí bàbá àgbà kan tó ti ń tún Volkswagen ṣe láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n dé, wọn ò wo wíìlì rárá, bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní kí n ṣí. Iwájú ni búùtù Ìjàpá wà, ẹ̀yìn lẹ́ńjìnnì wà, ẹ ò gbàgbé. Wọ́n nàka sí tayà àfipamọ́.

"Báwo ló ṣe wà?"

"Ó nàró, sà."

"Tó bá jẹ́ èyí tó o ra ṣúù ẹ̀ ni, sísùn ni ì bá sùn. Ta ló sọ fún ẹ pé oríṣi Ìjàpá kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe lọ́dún yẹn?"

Àṣé oṣù kẹjọ ọdún 1970 ni Volkswagen gbé èyí tí wọ́n ń pè ní 1302 jáde. Ṣọ́kù gígùn tó nàró ló gbé iwájú tiẹ̀ dúró, àyè wá ṣí sílẹ̀ láàárín débi tí tayà fi lè sùn. Irú ti Bàbá ṣì ń lo páìpù irin méjì tó dábùú iwájú ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà ni, ìbejì ni wọ́n lójú ẹni tó dúró lẹ́bàá títì. Ṣùgbọ́n inú dróòmù iwájú tiwa jẹ́ mìlímítà 230, ṣúù rẹ̀ sì fẹ̀ ní 40. Ti 1302 jẹ́ 248, ṣúù tiẹ̀ fẹ̀ ní 45. Ohun tí mo ń lù lóòlù nìyẹn.

Wọ́n ní kí n lọ wo nọ́mbà ṣásísì fúnra mi kí ọdún ọkọ̀ lè dá mi lójú. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ló wà, lórí irin tó ga sókè láàárín ilẹ̀ ọkọ̀, nítòsí bátìrì. Mo gbé àga kúrò, mo bá èèpo ẹ̀pà, kọ́bọ̀ kan, àti ìdọ̀tí tó dì bí ẹ̀kọ àná. Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, nọ́mbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan: 111, lẹ́yìn náà 2, kí èyí tó kù tó tẹ̀ lé e. 11 yẹn ni ó sọ pé Ìjàpá ni. Ìkẹta ni ó dúró fún ọdún. Ọdún náà gan-an tún ń tan èèyàn, torí oṣù kẹjọ ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Volkswagen, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lóṣù kẹsàn-án 1970 ti di 1971 nìyẹn. Ní báyìí, tẹ́nì kan bá dárúkọ ọdún Ìjàpá rẹ̀ fún mi, nọ́mbà abẹ́ àga ni mò ń bèèrè.

A tú wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn, nọ́mbà 36 ni, ó sì le bí ojú ajẹgbèsè: a ki páìpù omi gígùn bọ ọwọ́ sípánà, èmi àti àbúrò mi rọ̀ mọ́ ọn kó tó dún kẹ́ẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ fẹnu fẹ́ eruku inú dróòmù, bàbá mẹkáníìkì pariwo mọ́ ọn. Asbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ṣúù àtijọ́, eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fà símú. Omi ọṣẹ ni a fi rin ín, a fi àkísà nù ún, a ju àkísà náà nù.

Wíìlì sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí ọ́ìlì bíréèkì fi ń ti ṣúù, ló ti ń jò. Níbí ni mo ti yá irin ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní fẹ́níà lọ́wọ́ ọmọ àdúgbò wa kan tó ń ṣiṣẹ́ irin. Ihò sìlíńdà iwájú jẹ́ mìlímítà 22.2, ti ẹ̀yìn jẹ́ 17.46. Kò ju ìbú ìka kékeré kan lọ téèyàn bá ń fojú wò ó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni ìyàtọ̀ yẹn ń ṣe. Tá a bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ máa ń ṣubú síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́. Tí agbára tó ń ti ṣúù ẹ̀yìn bá pọ̀ jù, tayà ẹ̀yìn á dì pa, ọkọ̀ á sì yí po lójú títì, pàápàá tí òjò bá rọ̀.

Mo kó gbogbo ògbólógbòó náà sínú àpò, fẹ́níà lápò ṣòkòtò, mo wọkọ̀ lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò dárúkọ ọdún. Mo gbé irin lé káńtà, mo ní, "Irú èyí." Ìsọ̀ kẹta ni wọ́n ti gbé páálí tí wọ́n tẹ "Indústria Brasileira" sí lára wá. Fusca ni wọ́n ń pe Ìjàpá ní Bùràsíìlì, wọ́n sì ń ṣe é níbẹ̀ títí di 1996. Ti Mẹ́síkò parí ní 2003. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà ara rẹ̀ fi ṣì wà lọ́jà. Mo wọn ihò sìlíńdà kọ̀ọ̀kan níwájú ọlọ́jà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá mi, ṣé góòlù lẹ fẹ́ rà ni?" Mo ní ó sún mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ sítíárìn wá dé. Ó gbé máásítà bíréèkì kan fún mi, èyí tó ń ti ọ́ìlì lọ sí wíìlì tá a bá tẹ bíréèkì, ó dán gbinrin. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ojú ihò tí páìpù ń wọ̀ kọ orí síbòmíràn. Ti onísítíárìn òsì ni. Ó gbà pẹ̀lú mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí ìsọ̀ mìíràn, mo sì jókòó fún bíi wákàtí méjì kí ọmọ náà tó gbé èyí tó bá tèmi mu dé, nínú páálí tí eruku ti sọ di àwọ̀ ilẹ̀.

Ṣúù ńkọ́? Mi ò ra tuntun mọ́. Irin àtijọ́ náà ṣì gún régé, mo gbé e fún ẹni tó ń kan láínì tuntun mọ́ ọn, òun náà ló sì gún jù lọ́wọ́ mi nínú gbogbo ohun tí mo náwó lé.

Títò ò gba àkókò. Nígbà tó kan fífa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù bíréèkì, ẹ̀yìn ọ̀tún ni bàbá mẹkáníìkì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ bó ṣe mọ́ wọn lára. Mo ní, "Sà, ẹ̀yìn òsì ló jìnnà jù sí máásítà tiwa, ibẹ̀ ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀." Wọ́n wò mí, wọ́n wo sítíárìn, wọ́n gbé sípánà lọ sápá òsì. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 4 la lò.

Ní àárọ̀ Sunday, mo tẹ̀ ẹ́ lójú títì iwájú ilé wa. Ó dúró gbọn-in, àmì tayà méjì gún lórí iyanrìn. Bàbá wá sí ẹnu géètì, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀, àwọn fẹ́ wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣúù 1302 mẹ́rin yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nínú páálí wọn.