Títo Ìtàn Ọdún dé Ọdún Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì fún Kíláàsì

Ọ̀kun o, ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn. TimelineJS, irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń to ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún dé ọdún, iṣẹ́ ọwọ́ Knight Lab ti Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà, kò gba kọ́bọ̀. Ẹ lọ sí timeline.knightlab.com, kí ẹ ṣe ẹ̀dà àtẹ Google Sheets wọn, onílà àti òpó, sínú Google Drive yín. Ìlà kan, ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Ẹ má fọwọ́ kan àkọlé òpó, ẹ má sì fi ìlà òfìfo sáàárín. Ibẹ̀ ló ti sábà máa ń dàrú.

Ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́jọ ti tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé: oṣù Kìíní 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company dé Kàbbà kí wọ́n tó kọjú sí Bídà, ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1900, Lugard kéde ìjọba Àríwá ní Lọ́kọ́jà, 1908, Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì òyìnbó, dé Ẹ̀gbẹ̀, ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀.

Ogun Tápà ló le. Àgbà kì í ka ọdún fún yín, "láyé ogun Tápà" ni wọ́n ń wí. Òpó Year kò sì gbọ́ èyí. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Ẹ kọ "bíi 1840" síbẹ̀, gbogbo àtẹ lè kọ̀ láti ṣí. Ẹ fi 1840 sí Year, 1897 sí End Year, kí ẹ wá kọ "Ayé ogun Tápà" sí Display Date: ohun tí àgbà wí gan-an lọmọ máa rí. Ẹ sọ fún wọn pé àfojúbù ni 1840.

Tó bá kún, ẹ tẹ File, Share, Publish to web. Líǹkì tó wà lókè bùráúsà lẹ máa kó lọ lẹ̀ mọ́ ojúlé Knight Lab, kì í ṣe èyí tí àpótí Publish gbé jáde.

Fídíò ń wọ òpó Media. Bí ọ̀rọ̀ tó kàn yín bá bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 35, ẹ fi &t=1m35s sí ìdí líǹkì YouTube tó gùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pọ̀ tó. Ẹ kọ ìbéèrè sójú pátákó kó tó bẹ̀rẹ̀: ta ló ń sọ̀rọ̀? Ṣé ó wà níbẹ̀, àbí wọ́n sọ fún un ni? Láìsí ìbéèrè, sinimá lásán ni.

Èyí tó dára jù ni èyí tí ẹ fúnra yín ká lẹ́nu àgbà, ní Òwórò tàbí Yàgbà tí wọ́n ń sọ. Ẹ gba àṣẹ, ẹ dá fóònù dùbúlẹ̀, ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ gbé e sórí YouTube ní Unlisted (ẹni tó ní líǹkì nìkan ló máa rí i), àmọ́ kí fáìlì rẹ̀ wà lórí láàpútọ́ọ̀pù, nítorí àtẹ yìí kì í ṣí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.