Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Ara Nígbà Ìtọ́jú Onítànṣán fún Jẹjẹrẹ Ọmú àti Lẹ́yìn Rẹ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ìtànṣán máa ń dìde pẹ̀lú ìyàlẹ́nu pé òun kò mọ nǹkan kan lára. Ẹ̀rọ náà yóò yí ká, yóò dún fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yóò padà wọlé, wọn yóò sì ní kó wọ aṣọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí lọ́jọ́ kẹta, títí tí obìnrin náà yóò fi máa rò pé àsọdùn ni gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ fún un. Àmọ́ ìtànṣán kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kó jọ sínú ara: nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ni awọ ara sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ó sì máa ń le jù lọ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá ti parí, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti ń kí aláìsàn kú oríire. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ara yín kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, kí ẹ má sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ pé ó ti parí.

Iṣẹ́ ìtànṣán ni láti ba àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó bá ṣẹ́ kù jẹ́ débi tí wọn kò fi ní lè bí sí i mọ́, ṣùgbọ́n inú awọ ló máa ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá mọ bí a ti ń tún ara ẹni ṣe ju ti jẹjẹrẹ lọ, ohun tó sì mú kí wọ́n máa pín ìtọ́jú náà sí wẹ́wẹ́ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ 5 ló wọ́pọ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń ṣe é ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, ìgbà 15 tàbí 16, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń gbà á ní ìgbà 5 péré láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n tún lè fi ìgbà mélòó kan lé e fún ojú ibi tí wọ́n ti gé kókó náà kúrò. Ẹ béèrè iye tiyín, ẹ kọ ọjọ́ ìparí sílẹ̀, kí ẹ sì ka ọ̀sẹ̀ 2 kún un: àsìkò tí awọ yín yóò nílò ìtọ́jú jù lọ nìyẹn, ẹ má ṣe fi òde tàbí ìrìn àjò kankan sí i.

Ìbẹ̀rù méjì kan wà tó yẹ kí n mú kúrò lọ́nà ná. Ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń ta sí ara láti ìta kì í dúró sínú ara. Bí ẹ bá ti jáde kúrò ní yàrá náà, kò sí ohun tó lè ti ara yín ran ẹlòmíràn. Ẹ lè gbé ọmọ jòjòló mọ́ra, ẹ lè sun ibùsùn kan náà pẹ̀lú ọkọ yín, ẹ sì lè jókòó ti aboyún. Bákan náà, irun orí kì í tìtorí ìtànṣán ọmú re, nítorí ibi tí ìtànṣán bá dé nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Irun abíyá ẹ̀gbẹ́ yẹn ló lè re. Ẹni tó bá rò pé òun lè ti lóyún ni kó sọ ọ́ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ náà, nítorí ó lè pa ọmọ inú lára.

Awọ ara

Ibi tí awọ bá ti ń fara kan awọ ló máa ń kọ́kọ́ jìyà: abẹ́ ọmú níbi tó ti dà lé àyà, àti inú abíyá. Òógùn ń dúró síbẹ̀, aṣọ ń ha á, afẹ́fẹ́ kì í sì í ráyè débẹ̀. Ẹni tí ọmú rẹ̀ tóbi ní láti máa yẹ abẹ́ rẹ̀ wò lójoojúmọ́ pẹ̀lú díńgí, nítorí ojú lásán kò lè rí i.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́ni máa ń sọ pé awọ ara yóò pọ́n. Ó ń dùn mí pé wọ́n ń fi mọ bẹ́ẹ̀, nítorí lára awọ dúdú, pípọ́n kì í sábà hàn. Ohun tí ẹ óò rí ni pé ibẹ̀ ń dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí kó máa ṣe bí elésè àlùkò, kó gbẹ, kó sì máa yún. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè lè sọ pé kò sí ohun tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ ó ti ń ta aláìsàn bí iná. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbára lé ojú nìkan. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọmú tí wọ́n ń tọ́jú, kí ẹ tún fi kan ìkejì. Bí ọ̀kan bá gbóná ju ìkejì lọ, tí ojú rẹ̀ sì ń le lọ́wọ́, awọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa ya òmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ níwájú fèrèsé kan náà, kí ẹ lè ní ohun tí ẹ óò fi han nọ́ọ̀sì tó bá ní òun kò rí nǹkan kan.

Ẹ lè wẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì yẹ kí ẹ wẹ̀. Kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná. Kí ọṣẹ jẹ́ èyí tí kò le, tí kò sì ní òórùn dídùn. Ẹ má ṣe fi kànìnkànìn kàn án. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tó ní ìfófòó ọṣẹ kọjá lára rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí omi ṣàn lé e láti èjìká wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe ara wọn léṣe ni ìnura. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé ọmú sókè, ẹ fi ìkejì tẹ aṣọ òwú rírọ̀ tó mọ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé aṣọ náà kúrò, ẹ tún tẹ apá tó gbẹ lára rẹ̀ mọ́ ibòmíràn, títí ibẹ̀ yóò fi gbẹ pátápátá. Ẹ má ṣe nù ún lọ nù ún bọ̀. Bí ẹ bá ráyè, ẹ dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 láìwọ kọ́mú, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Bí wọ́n bá fi yíǹkì sàmì sí yín lára, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ kúrò, bó bá sì ń pa rẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ni kí ẹ sọ fún. Ẹ má ṣe fọwọ́ ara yín tún un fà, nítorí àmì yẹn ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ìtànṣán yóò bà.

Láti ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti máa fi ìpara tí kò ní òórùn dídùn pa ibẹ̀ lára, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ fi ìka fẹ́ ẹ lọ pẹ̀lẹ́ láìfi agbára rà á. Ẹ má ṣe kùn ún nípọn nígbà tí ẹ bá ń lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Dókítà lè kọ ìpara sitẹ́rọ́ìdì bíi mometasone fún yín. Ìwádìí ti fi hàn pé ó ń dín gbígbóná àti yíyún awọ kù, ṣùgbọ́n òun ni kó sọ iye ọjọ́ tí ẹ óò lò ó. Ní ti ohun tí ń pa òórùn abíyá, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ka á léèwọ̀, síbẹ̀ àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ kò rí i pé ó ń mú kí awọ burú sí i bí awọ náà kò bá tíì bó. Ẹ béèrè ìlànà ilé ìwòsàn yín kí ẹ tó pa á tì, nítorí kì í ṣe ohun kékeré fún obìnrin tó ṣì ń lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ jìnnà sí abẹ ìfárun, pílásítà tí ń lẹ̀ mọ́ ara, yìnyín àti ohun gbígbóná tí a fi ń jó ara, oòrùn gangan, àti omi ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi kẹ́míkà sí. Kọ́mú onírin kò dára lásìkò yìí; ẹ wọ èyí tó rọ̀, tó jẹ́ òwú, tó sì fẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ọmú náà lè wú.

Bí awọ bá bó tí omi sì ń ṣọ́n níbẹ̀, ẹ dá ìpara dúró lójú ibẹ̀, kí ẹ sì lọ bá nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe tú ìléròrò, ẹ má sì ṣe fi atíkè tàbí egbòogi tí ẹnikẹ́ni bá júwe sí i. Oríṣi aṣọ ìdi-egbò kan wà tí kì í lẹ̀ mọ́ ara, òun ni wọn yóò fi bò ó. Bó ti wù kó burú tó lójú, irú egbò yìí sábà máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn ìparí ìtọ́jú. Dúdú tó dú ló máa ń pẹ́ kó tó lọ, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù.

Àárẹ̀

Àárẹ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí oorun òru kan ń mú lọ. Ẹni tó jí ní òwúrọ̀ lè rí i pé wíwọ aṣọ nìkan ti tán òun lókun. Ó máa ń wúwo sí i bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ó sì lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìtọ́jú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé jẹjẹrẹ ló padà dé. Oògùn tó dára jù fún un lè ṣòro láti gbà gbọ́: ìrìn ni. Ẹ máa rìn fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀, ní wákàtí tí ara yín bá ń yá jù lọ; bí ìṣẹ́jú 10 ni agbára yín ká, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lè sùn díẹ̀ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kó má ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lọ kí oorun òru má baà bọ́ mọ́ yín lójú. Ẹni tó bá béèrè pé kí ni kí òun bá yín ṣe, ẹ fún un ní iṣẹ́ kan pàtó, bíi kó wá fọ aṣọ lọ́jọ́ báyìí tàbí kó sìn yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ báyìí. Bí àárẹ̀ bá wá le débi tí ẹ kò fi lè dìde, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Ẹ má ṣe tìtorí àárẹ̀ fo ọjọ́ ìtọ́jú. Àlàfo tó bá wọ àárín rẹ̀ lè dín agbára ìtọ́jú náà kù. Bí ohun tó ju agbára yín lọ bá ṣẹlẹ̀, ẹ tètè pè wọ́n kí wọ́n lè dí ọjọ́ náà fún yín.

Apá, ọ̀nà ọ̀fun àti àyà

Èjìká ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń tọ́jú lè gan, pàápàá lára ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ní abíyá rẹ̀. Ẹ kọjú sí ògiri, ẹ fi ìka méjì rìn gun ògiri náà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ óò fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ń fà yín, ẹ dúró síbẹ̀ fún ìṣísẹ̀ èémí mélòó kan, kí ẹ sì rìn padà sísàlẹ̀. Ẹ ṣe é ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kí ẹ sì máa ṣe é lọ lẹ́yìn ìparí ìtọ́jú, nítorí gígan náà lè dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù.

Bí ìtànṣán bá kan ẹ̀bá ọrùn, ọ̀fun lè máa dùn yín bí ẹ bá ń gbé nǹkan mì. Oúnjẹ rírọ̀ tí kò gbóná tí kò sì ta lẹ́nu, àti omi tí ẹ ń fà díẹ̀díẹ̀, ni yóò bá yín gbé e títí yóò fi lọ. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọmú òsì ni wọ́n lè ní kó mí kanlẹ̀ kó sì dá èémí náà dúró nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, kí ọkàn lè sún kúrò lọ́nà ìtànṣán. Ẹ máa fi dánra wò nílé. Ẹni tó bá ń mu sìgá, ó yẹ kó jáwọ́ nínú rẹ̀ nísinsìnyí, nítorí ó ń mú kí ewu ìtànṣán fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i.

Ìrora tó ń ta ṣánṣán nínú ọmú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tó sì ń lọ, wọ́pọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọmú náà lè le tàbí kó sún kì. Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ni apá yín, bí wọ́n bá ti gé àwọn kókó abíyá, ìyẹn àwọn kókó kéékèèké tí omi ara máa ń gbà kọjá, tàbí tí ìtànṣán kàn wọ́n, nítorí omi ara lè má rí ọ̀nà gbà, kí apá sì wú lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún mélòó kan. Òrùka tó ń fún, apá aṣọ tó ń há, ọwọ́ tó ń wúwo, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ sọ fún dókítà kí ìwú tó hàn sí gbogbo ènìyàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ tó lè gé yín lọ́wọ́.

Ẹ kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn sí ara ògiri níbi tí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ti lè rí i. Kí wọ́n pè é bí ara yín bá gbóná dé ìwọ̀n 38 lórí ẹ̀rọ ìwọngbóná, bí ọyún tàbí òórùn bá ń jáde lójú egbò, tàbí bí apá bá ṣàdédé gbóná tó sì wú. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí ẹ kò rí èémí mí dáadáa, kí wọ́n gbé yín lọ láìdúró. Bí ikọ́ gbígbẹ bá bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 6 lẹ́yìn ìtọ́jú, pẹ̀lú ibà tàbí èémí tó ń gé, kí ẹ rí i pé ẹ sọ fún dókítà tó bá wò yín pé ẹ ti gba ìtànṣán ní àyà, nítorí ẹ̀dọ̀fóró lè wú lẹ́yìn rẹ̀, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ikọ́ lásán.