Kọ́bọ́ọ̀dù Màmá Mi àti Ọ̀dà Tó Ṣẹ́kù

Ó tó ọdún mẹ́ta tí kọ́bọ́ọ̀dù màmá mi fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa ní Ṣómólú, tí a sọ ọ́ di ibi ìkó bàtà sí. Igi afárá ni wọ́n fi ṣe é, ó ní ilẹ̀kùn méjì àti dúrọ́ọ̀ kan lókè. Inú rẹ̀ ni màmá mi ń kó ìró sí kí wọ́n tó kó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkòròdú. Káfíńtà tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní ₦35,000 lòun máa gbà láti sọ ọ́ di tuntun. N kò ní in.

Ìyá onílé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé tán nígbà náà ni. Agolo ọ̀dà mẹ́ta ló kù lábẹ́ àtẹ̀gùn: gílọ́ọ̀sì funfun tó tó ìdajì, gílọ́ọ̀sì dúdú tí kò ju ife kan lọ, àti ẹmọ́ṣàn aláwọ̀ ewé. Mo kúnlẹ̀ tọrọ ẹ̀. "Gbé e lọ jàre," ni wọ́n wí, "o bá mi palẹ̀ ibẹ̀ mọ́ nìyẹn."

Ìkánjú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo nu eruku kúrò, mo sì fi ẹmọ́ṣàn kun ilẹ̀kùn kan lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, èékánná mi kàn án, ọ̀dà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo ẹyin sísè. Bàbá káfíńtà tó wà ní òpópónà wa wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, fáníìṣì ló wà lára igi yẹn. Ojú ẹ̀ ń dán. Kí ni ọ̀dà fẹ́ rí dì mú níbẹ̀?"

Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé fífọ̀ àti híha ni iṣẹ́ yìí gan-an. Mo tú ọwọ́ ilẹ̀kùn kúrò, mo fi omi ọṣẹ fọ gbogbo ara rẹ̀ nítorí epo ọwọ́ ọdún pípẹ́, mo sì jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Mo wá fi sánpépà 80 tó le ha á, mo fi 120 tó kúnná jù ú lọ tẹ̀ lé e, bí ìlà igi ṣe lọ. Ẹ má ṣe ha á yíká, àmì rẹ̀ máa hàn lábẹ́ ọ̀dà.

Inú dúrọ́ọ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Ọ̀dà búlúù kan wà níbẹ̀ tó dàgbà jù mí lọ, òjé (lead) sì lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́. Òjé yìí ló ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Amẹ́ríkà ti fi òfin dè é nínú ọ̀dà ilé láti 1978. Lọ́dọ̀ tiwa, 2021 ni òfin NAFDAC jáde pé kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Nítorí náà n kò ha ibẹ̀ ní gbígbẹ rárá. Sánpépà olómi ni mo lò, mo bo imú, mo lé àwọn ọmọ wọlé, mo sì fi àkísà tútù nu gbogbo ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú náílọ̀nù.

Kòkòrò ti lu ihò sí ẹsẹ̀ kan. Mo po èérún páákó tó kúnná mọ́ Top Bond, gọ́ọ̀mù àwọn káfíńtà, títí ó fi ki bí àmàlà, mo fi ọ̀bẹ tì í wọlé. Nígbà tó gbẹ, mo ha á dọ́gba.

Gílọ́ọ̀sì funfun ti di awọ lójú. Ẹ má rò ó pọ̀ mọ́ ìyókù o. Mo fi ọ̀bẹ gé awọ náà yí etí agolo ká, mo gbé e jáde lódindi, mo fi àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti ya sẹ́ ìyókù, mo sì fi tínà díẹ̀ là á. Dúdú ni mo ń fi ṣíbí bù sí i díẹ̀díẹ̀. Ní ṣíbí kẹta, ó di àwọ̀ eérú tó wù mí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí ẹ po gbogbo èyí tí ẹ máa lò, torí àwọ̀ náà kò ní rí bákan náà mọ́ bí ẹ bá tún un pò. Ẹmọ́ṣàn kò sì gbọdọ̀ dé inú ẹ̀: olómi ni tiẹ̀, olóròóró ni gílọ́ọ̀sì. Puláìwúùdù ẹ̀yìn tí kò rí fáníìṣì rí ni mo fi ẹmọ́ṣàn kùn, ó sì mu ún dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùn ún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọjọ́ kan láàárín. Òwúrọ̀ tí oòrùn bá yọ ni mo ń kùn ún, torí òjò ń rọ̀, ọ̀rinrin ìrọ̀lẹ́ sì ń pa dídán gílọ́ọ̀sì.

Ọwọ́ ilẹ̀kùn tí mo tú sílẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ti fẹ́ ra òmíràn kí n tó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́. Idẹ ni! Ó ń kọ mànà.

Sánpépà, Top Bond, tínà àti búrọ́ọ̀ṣì tuntun tí mo rà ní ọjà Ọdúnadé, ₦7,400 ni gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí gílọ́ọ̀sì má baà lẹ̀ mọ́ra. Lọ́jọ́ Sunday, màmá mi dé láti Ìkòròdú. Wọ́n fọwọ́ pa idẹ náà títí, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n wá tú náílọ̀nù tí wọ́n gbé wá, wọ́n yọ àdìrẹ méjì níbẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n sínú dúrọ́ọ̀.