Bí A Ṣe Ń Dán Òye Àkókò Wò Láì Wo Aago

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àkókò ṣe ń rìn nínú ọkàn yín, ẹ gbé aago kúrò nítòsí, kí ẹ sì ní kí ẹlòmíràn máa fi aago tirẹ̀ ṣọ́ yín. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ ka oókan dé ọgọ́fà, kí ẹ fún oǹkà kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú méjì géérégé ni ó yẹ kí ó gbà.

Irú ìdánwò yìí ni Michel Siffre, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ní ọdún 1962, nígbà tí ó gbé inú ihò ilẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì láìní aago. Ó yà mí lẹ́nu gidigidi pé nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó fi ka ọgọ́fà náà, àti pé nígbà tí ó jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ni ó pè é.

Ẹ tún un kà láàárọ̀ àti nígbà tí ó bá rẹ̀ yín, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ọjọ́ tí ibà bá ń ṣe yín sọ́tọ̀, nítorí ara gbígbóná a máa mú kí ènìyàn yára kà.